Ẹni Tí Ó Ń Bọ́ Mi Lójú Oorun

Òṣogbo,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àlásárì.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní àárọ̀ yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró, mo sì tún jókòó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun pé iṣẹ́ tíṣà tuntun náà bá ọ lára mu, àti pé àwọn ará Ìmẹ̀sí-Ilé ń ṣe dáadáa sí ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kejì ni mo fẹ́ dáhùn.

O ní láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, o ń jẹun lójú oorun. O ní ìyá ọkọ rẹ ni ó ń bọ́ ọ, pé o rí ojú rẹ̀ kedere, àti pé nígbà tí o bá jí, ọ̀fun rẹ a máa jó, omi kíkan a kún ẹnu rẹ, ohùn rẹ a sì há títí di ọ̀sán. O ní Ọládiípọ̀ ọkọ rẹ ti sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ẹbí yóò pé jọ lọ́jọ́ Jímọ̀ láti da ọ̀rọ̀ náà síwájú ìyá wọn, kí wọ́n sì dá a padà sí Ọ̀tan-Ilé, ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí o sọ ojú ẹni tí o rí níwájú gbogbo wọn.

O bi mí pé kí ni kí o ṣe. Màá sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi ṣe, nítorí ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí mi, mo sì ṣe é ní àṣìṣe. N kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ìyá rẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ gbogbo rẹ̀.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́. Ìyá rẹ wà ní Iléṣà, ó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí; èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí. N kò tíì pẹ́ tí mo ti Yunifásítì dé, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn kò lè wádìí bí ó bá ti ní ìwé àti gègé. Ìyá Ìdó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ni ó wá láti Ìdó-Ọ̀ṣun láti máa se oúnjẹ fún wa. O rántí rẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé òun ni ó tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí ìyá mi kú, ọwọ́ Ìyá Ìdó ni mo sì ti jẹ gbogbo ohun tí mo jẹ kí n tó lè fi ọwọ́ ara mi jẹun.

Bí mo ṣe ń gbé ayé nígbà náà nìyí. Mo máa ń pẹ́ nídìí ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Mo ń jẹ obì kí oorun má baà gbé mi. Bí orí bá ń fọ́ mi, mo ń run oògùn ẹ̀fọ́rí méjì lẹ́nu, mo ń gbé e mì láìmu omi, mo sì ń fi í yangàn. Nígbà tí aago mẹ́wàá bá lù ni mo tó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá ti fọ ọwọ́, mo ti dùbúlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ààwẹ̀ ni àlá náà bẹ̀rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá mi, bí mo ti dùbúlẹ̀ gan-an. Ilẹ̀kùn kò ṣí, ṣùgbọ́n Ìyá Ìdó wà nínú yàrá. Ó gbé àwo lọ́wọ́. Kò kí mi. Ó jókòó sí etí ibùsùn, mo sì gbọ́ bí igi ibùsùn ṣe ké lábẹ́ rẹ̀. Ó bu òkèlè, ó fi ìka rọ́ ọ di roboto, ó tì í sí mi lẹ́nu. Ó gbóná. N kò lè pa ẹnu dé. Kí n tó gbé e mì, ó ti bu òmíràn. Ojú rẹ̀ kò burú rárá. Ojú ẹni tí ń bọ́ ọmọdé ni, tí kò fẹ́ kí ó sùn pẹ̀lú ebi. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo jí, iná ń jó mi láti àárín àyà dé ọ̀fun. Omi kíkan wà lẹ́nu mi, ata ọbẹ̀ sì wà lórí ahọ́n mi bí ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.

O mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ nípa ẹni tí a bá ń bọ́ lójú oorun. Mo mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ní ọ̀sán, n kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, mo sọ ọ́ fún Lásísì ọ̀rẹ́ mi, tí ó jẹ́ akọ̀wé ní réluwéè.

“Ẹran wà níbẹ̀?” ni ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí.

“Lásísì, mi ò bá ẹ ṣeré.”

“Èmi náà ò ṣeré. Tí wọ́n bá tún gbé e wá, fi ẹran tèmi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyàwó mi ò se ẹran láti ọjọ́ Àlàmísì.” Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán. “Ojú ta lo rí?”

Mo sọ fún un.

“Tíṣà,” ó ní, “lọ sọ ọ́ sí i létí. Ẹni tí a bá ti ká mọ́, kì í padà wá.”

Mo bá Ìyá Ìdó ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ìyá mi, ẹ máa ń wọ yàrá mi lóru?”

“Kí ni mo máa wá ṣe níbẹ̀? Àbí o tún gbàgbé àwo síbẹ̀, tí èèrà ti bò ó?”

“Mo ń rí yín lójú oorun ni. Ẹ ń bọ́ mi.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. Mo ti múra sílẹ̀ fún igbe, fún èébú, fún ẹkún. Bí ó bá gbá mi létí, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé mo sọ̀rọ̀?”

“Rárá.”

“Àwo wo ni mo gbé?”

“Funfun, tí etí rẹ̀ búlúù.”

Ó wo ibi tí wọ́n dojú àwo náà bolẹ̀ sí kí omi lè gbẹ lára rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

“Mi ò mọ̀ pé mo máa ń jáde, ọmọ mi,” ó ní.

Kò sọ pé òun kọ́. Ó ní òun kò mọ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ ra àgádágodo lọ́jà, tí ó pe káfíńtà kí ó kàn án mọ́ ìta ilẹ̀kùn yàrá òun. Ó ní kí n máa ti òun mọ́lé.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìdó ni ó máa ń lu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú jí wa fún sààrì, màá sì lọ ṣí i fún un. O mọ bí ìṣe wa ṣe rí: nítorí ebi ọ̀sán, ènìyàn a jẹun sààrì bí ẹni tí ń di ẹrù, a sì padà sùn díẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Mo ń jẹ ju bí mo ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá jẹun tán, Ìyá Ìdó a wọ yàrá rẹ̀, màá tì í láti ìta, màá fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, màá sì dùbúlẹ̀. Láàárín wákàtí kan yẹn, ó ń wá.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ ṣí ilẹ̀kùn. Màá bá a ní ìjókòó lórí ẹní, ojú rẹ̀ sí ilẹ̀kùn.

“Ṣé mo wá?”

“Ẹ wá.”

“Ṣé o gbé e mì?”

“Mo gbé e mì.”

Báyìí ni a ṣe ń kí ara wa lóròòwúrọ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ohun gbogbo sí: ohun tí mo jẹ, ìgbà tí mo dùbúlẹ̀, bí mo ṣe dùbúlẹ̀, bóyá ó wá tàbí kò wá. Nínú ọgbọ̀n òru ààwẹ̀ náà, òwúrọ̀ mẹ́tàdínlógún ni mo wo ojú ẹni tí ó tọ́ mi, tí mo sọ fún un pé ó wá. Mo rò pé òtítọ́ ni mo ń sọ.

Ohun méjì wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀.

Èkíní ni ti ohùn mi. Ní òwúrọ̀ kan, mo jí, mo pe orúkọ rẹ kí o lè múra. Ohùn tí ó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe tèmi. Ó há, ó gbẹ, ó sì dà bí ti arúgbó obìnrin. Nínú yàrá rẹ̀ tí mo tì pa, Ìyá Ìdó dáhùn. Ó ní, “Ta ló ń fi ohùn mi pe ọmọ?”

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní apá ìparí ààwẹ̀. N kò lá àlá kankan ní òwúrọ̀ náà. Inú mi dùn bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn.

“Ẹ ò wá lónìí,” ni mo sọ kí ó tó béèrè.

“Mo wá,” ó ní. “Mo dúró títí. O kọjú sí ògiri, o fi ọwọ́ òsì ṣe ìrọ̀rí. Mi ò rí ẹnu rẹ.”

Bí mo ṣe sùn gan-an nìyẹn. Ó ti wà nínú ìwé mi kí n tó lọ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ògiri kan wà láàárín yàrá méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ orí mi. N kò ní àlàyé fún un títí di òní, n kò sì fẹ́ wá ọ̀kan fún ọ.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ti ìṣínu àti ti sààrì. Ó ní bí ọwọ́ òun bá ṣófo lójú ayé, kò sí ohun tí òun yóò rí gbé lọ lóru. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ìwọ náà wá bá a pé kí ó bu òkèlè fún ọ, bí ó ti máa ń ṣe. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. “Jẹ ẹ́ fúnra rẹ,” ó ní. “Má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.” O sunkún. O rò pé o ṣẹ̀ ẹ́ ni.

Ní ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, ẹran há mi ní àyà. Kò lọ sílẹ̀, kò padà sókè. Omi tí mo mu dà jáde. Ìyá rẹ wà nílé fún ọdún. Òun ni ó fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Iléṣà, àgbàlagbà ọkùnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ ẹran náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fún mi ní omi funfun kan mu bí ẹfun, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ya àwòrán bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ nínú mi. Dókítà gbé àwòrán náà sí iwájú iná, ó sì fi gègé tọ́ka.

“Omi kíkan wà nínú ikùn gbogbo èèyàn,” ó ní. “Òun ló ń jẹ́ kí oúnjẹ dà. Ikùn lè gbà á, ọ̀nà ọ̀fun ò lè gbà á. Iṣan kan wà láàárín wọn tó ń sọ́ ọ kó má gòkè. Tìrẹ ti dẹ̀. Tí o bá yó tán tí o dùbúlẹ̀, omi yẹn á ṣàn padà. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ ti pọ́n, ó ti wú, ó ti bó. Níbí yìí, ó ti ń fún pọ̀.”

Mo sọ àlá náà fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó kàn bi mí pé, “Ta ló bọ́ ẹ nígbà tí o wà ní kékeré?”

“Ẹ̀gbọ́n bàbá mi.”

“Òun lo ń rí?”

“Òun ni.”

“Ẹni tó ń sùn mọ̀ pé nǹkan wà lọ́fun òun, ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó ń wá ẹni tó fi í síbẹ̀. Ọwọ́ ta ló tún mọ̀?”

Mo yọ ìwé kékeré mi jáde lápò.

Ó ní kí n fi búlọ́ọ̀kù gbé orí ibùsùn sókè, kí n jẹun alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, kí n jáwọ́ nínú obì àti oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó fún mi ní oògùn funfun olómi. Nígbà tí mo ka ìwé kékeré mi, mo rí i pé n kò lá àlá náà ní òru kankan tí mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ó ní òun kò rí ìyẹn kà níbì kankan, ṣùgbọ́n kí n máa ṣe é. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà la ọ̀nà ọ̀fun mi ní Ìbàdàn, lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní ṣàpèjúwe ìyẹn.

Láàárín oṣù kan, àlá náà dáwọ́ dúró. Mo mú ìwé kékeré náà lọ bá Ìyá Ìdó, mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ẹ ò wá rí, Ìyá mi. Omi inú mi ni.”

“Ìwọ lo sọ pé mo wá.”

“Mo ṣìnà ni.”

“Òwúrọ̀ mélòó lo fi ṣìnà?” Ó rọra ti ìwé náà padà sí mi. “Dókítà mọ inú tìẹ. Èmi ni mo mọ ibi tí mò ń lọ. Ara tìẹ ló ti le, tí mi ò fi lè sún mọ́ ẹ mọ́.”

Ọdún mẹ́rin ló lò sí i láyé. Ní gbogbo òru ọdún mẹ́rin náà, mo tì í mọ́lé láti ìta, nítorí pé bí n kò bá tì í, kò ní sùn. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀, ó ń bi mí nípa ilé àwọn ẹlòmíràn. Ṣé ara ọmọ Lásísì le? Ṣé ìyàwó tuntun tó wà lójúlé kejì jí ire? Mo ń sọ fún un pé gbogbo wọn wà ní àlàáfíà. Kò gbà mí gbọ́. Bí o bá ti bi mí léèrè rí nípa àgádágodo ilẹ̀kùn yẹn, tí mo sì sọ fún ọ pé nítorí olè ni, irọ́ ni mo pa fún ọ.

Ọmọ mi, ìmọ̀ràn mi nìyí.

Èkíní, ẹyin lohùn. Má sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé o rí i. Má rán ẹnikẹ́ni sí i. Èmi rí oògùn mu. Òun kò ní rí oògùn tí yóò mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú rẹ̀. Arúgbó tí ó fẹ́ràn rẹ lè gbà ọ́ gbọ́. Bí ó bá sì gbà ọ́ gbọ́, kò sí àwòrán tí dókítà kan lè gbé síwájú iná fún un.

Èkejì: o kọ ọ́ sí lẹ́tà rẹ pé ìwọ ni o máa ń jẹun kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ bá ti òde dé tí ó sì jẹun tán, pé ìyá rẹ̀ a sì máa rọ̀ ọ́ pé, “Jẹ ẹ́ kún, ìyàwó.” Ìwà ìyàwó tuntun ni, ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ kò mọ ìwà. Bá ìyá náà jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Sọ fún Ọládiípọ̀ pé èmi ni mo pàṣẹ.

Má dùbúlẹ̀ láìjẹ́ pé wákàtí mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Dín ata kù. Tú ìró rẹ sílẹ̀ bí o bá ń jẹun. Mo mọ bí o ṣe máa ń fún un mọ́ ìdí. Fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé orí ibùsùn, kí o sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Bí oúnjẹ bá ń há ọ ní àyà, bí o bá ń rù, tàbí bí èébì tàbí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ bá dúdú, má dúró dè mí, lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ohun kan tún wà tí bàbá kì í béèrè, ṣùgbọ́n ìyá rẹ tí ó jẹ́ agbẹ̀bí ní kí n béèrè: oyún a máa fa irú èyí. Wò ó bóyá òun ni. Bí òun bá ni, má lo oògùn kankan kí dókítà tó rí ọ.

Mo ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ tí ó ń lọ sí Ìmẹ̀sí lọ́la. Òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, kí ó lè dé ọwọ́ rẹ ṣáájú ìpàdé. Fi í han ọkọ rẹ. Kí ó kà á tán kí ó tó bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá lè dá ìpàdé náà dúró, kí ó dá a dúró. Èmi fúnra mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti mú ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Iléṣà.

Bí ìpàdé bá wáyé síbẹ̀, wọn yóò bi ọ́ pé ojú ta lo rí. Sọ ohun tí o jẹ, sọ aago tí o jẹ ẹ́, sọ bí o ti pẹ́ tó kí o tó dùbúlẹ̀, kí o sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà fúnra rẹ̀ bá yíjú sí ọ níwájú gbogbo wọn, tí ó sì bi ọ́ pé, “Ìyàwó, ṣé èmi ni?”, má wo ojú ọkọ rẹ, má ronú. Sọ pé, “Rárá, Ìyá mi.” Sọ ọ́ kíákíá. Má jẹ́ kí ó dúró de ìdáhùn náà rárá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.